Àbúrò mi fẹ́ lọ dá gbé lẹ́yìn ọsibítù, Màmá ò gbà

Àbẹ̀kẹ́_Ẹ̀gbá
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi. Ìgbà tó ń ṣe agùnbánirọ̀ lára ẹ̀ ò yá, kò sùn fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ó ń gbọ́ ohùn, ọ̀dọ̀ wòlíì la kọ́kọ́ gbé e lọ kó tó di pé a gbé e lọ sọ́sibítù, oṣù mẹ́ta ló lò ní wọ́ọ̀dù. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tó ti padà wálé. Ó ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ó ń lo oògùn lálẹ́, ó sì ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan ní Pánṣẹ́kẹ́, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún wa pé òun ti rí rúùmù kan ní Adátán, òun fẹ́ kó lọ. Háà! Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ní ta ló máa mọ̀ tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ta ló máa fún un lóògùn. Kí n sọ òótọ́ fún yín, látọjọ́ tó ti dé, inú báàgì ìjọ Màmá ni oògùn yẹn máa ń wà, tó bá di aago mẹ́sàn-án wọ́n á bu omi, wọ́n á kó o lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó la ẹnu káwọn wo abẹ́ ahọ́n ẹ̀. Ọmọ ọdún 29 o. Bí àlejò wà ní pálọ̀ gan-an wọ́n á ṣì pè é. Mi ò kì í lè wojú ẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò purọ́. Àmọ́ ṣé bó ṣe máa wà títí lọ nìyí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bàbá Àánú
Sísí, ẹ má dán an wò. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti màmá ẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ́yàwó fún un, ìyàwó á máa mójú tó o.

Ọmọ Bẹẹrẹ
@Bàbá Àánú, ìyàwó ni nọ́ọ̀sì? Ẹ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ìyàwó kí wọ́n tó gba owó orí.

Àbẹ̀kẹ́, èmi gan-an ni aláìsàn tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ọdún kẹfà mi rèé tí mò ń dá gbé n'Íbàdàn. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti bàjẹ́ ná. Oṣù kẹta tí mo kó síta ni mo dá oògùn dúró, kì í ṣe pé mo gbàgbé o, ara mi ló yá, mo ní kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún, yàtọ̀ síyẹn ó ń jẹ́ kí n sùn di aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀gá sì ti ń fojú burúkú wò mí, ó tún ń dí mi lọ́wọ́ lọ́dọ̀ obìnrin (ọkùnrin wo ló máa sọ ìyẹn fún màmá tó ń wo abẹ́ ahọ́n ẹ̀). Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oorun fi dá lójú mi, mò ń fọ aṣọ láago méjì òru, gbogbo aṣọ, títí kan kọ́tìnnì. Ìyá ẹlẹ́wà tó wà lójúlé kejì ló rí kọ́tìnnì tí mo sá láàárín òru, àwọn ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò dé wọ́ọ̀dù lọ́tẹ̀ yẹn. Dókítà pààrọ̀ oògùn, ó ní kí n máa lo ti tuntun láago méje alẹ́. Mo wá ń jí.

Ẹ wá ẹnì kan ládùúgbò, ẹyọ kan, tó mọ̀. Kí àbúrò yín mú ẹni náà fúnra ẹ̀ o. Èmi àti ìyá ẹlẹ́wà ti jọ sọ ọ́: tí wọ́n bá ti rí iná mi láago méjì òru lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Iṣẹ́ mi nìyí, mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Èmi ò rí wàhálà kankan ní Adátán, báàgì Màmá yẹn ni mo rí. Ẹni tí ò tíì fọwọ́ ara ẹ̀ já oògùn nínú páálí láti ọdún méjì, báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́rù? Kó ṣì wà nílé. Kí Màmá kó oògùn ọ̀sẹ̀ kan fún un, kó máa lò ó, kí wọ́n ka èyí tó kù lọ́jọ́ Sunday nìkan. Tó bá lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n kó ti ọ̀sẹ̀ méjì fún un. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ń ràn yín lọ́wọ́, torí tí kò bá wá gbà á, kílíníìkì á mọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Owó oògùn ni kó máa kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ kó tó kan ti ilé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ igbó, ẹ má pariwo. Ìsọ́ òru náà ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà oorun ni àìsàn yìí sábà máa ń gbà padà wọlé.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ló sì yẹ kí èyí yé jù. Nígbà tí Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ọpọlọ Àrò lọ́dún 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sínú abúlé tó yí ọsibítù ká, mọ̀lẹ́bí máa ń tẹ̀ lé wọn wá láti dáná, wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á tún bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ti pé bóyá kẹ́ ẹ sọ fún làńlọ́ọ̀dù: Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní January 2023, ó rọ́pò òfin wèrè tó ti wà látayé òyìnbó, ṣùgbọ́n ta ló kà á fún làńlọ́ọ̀dù? Ẹ fẹnu mọ́ ọn ná.

Àǹtí Peckham
Ọmọ tèmi náà rèé ní London. Section 3 nínú òfin ìlera ọpọlọ wọn níbí ni wọ́n fi dá a dúró lọ́sibítù, ẹni tí wọ́n bá sì fi ìyẹn mú, council (ìjọba ìbílẹ̀) àti NHS (ètò ìlera ìjọba) gbọ́dọ̀ ṣètò ìtọ́jú ẹ̀ tó bá jáde, Section 117 ni wọ́n ń pè é, kò ní san kọ́bọ̀. Ó kọ́kọ́ wà nílé tí òṣìṣẹ́ wà tọ̀sán tòru, nígbà tó yá wọ́n fún un ní fúláàtì tiẹ̀, wọ́n ń yọjú sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìjọba gbìyànjú, àmọ́ wọn ò ní oògùn àdáwà. Mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sunday, mo sì máa ń tẹ bẹ́ẹ̀lì, òun ló ní kí n má ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní ike oògùn kan tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé ojú Tuesday ṣì kún. Mo ń rọ ọbẹ̀ lọ, mi ò fọhùn. Òun ló ní, "Mummy, mo ti rí i."

Àbẹ̀kẹ́_Ẹ̀gbá
Ẹ ṣé gan-an. Mo ń kà á sétí àbúrò mi, mo fo ti obìnrin yẹn, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi ó kà á fúnra ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ṣe bábà lójúlé kẹta sí rúùmù yẹn lòun máa sọ fún. A ti sún kíkó lọ síwájú ní oṣù mẹ́ta.

Màmá kó oògùn ọ̀sẹ̀ kan fún un lọ́jọ́ Monday, ojú wọn le. Lánàá láago mẹ́sàn-án mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà rúùmù ẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n ní sálúbàtà làwọn ń wá. Ẹsẹ̀ wọn ló wà.