Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: àwa 14, ilé steak (ègé ẹran màlúù sísun) olówó ńlá, alẹ́ ọ̀la

Abẹ̀ní
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ ọ̀la ni o. Ọ̀gá wa kan ń fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò oúnjẹ alẹ́ fún àwa 14. Mi ò wọ irú ibẹ̀ rí. Wọ́n ti fi mẹ́nù ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ẹran ló kún inú rẹ̀, ojú mi ti ń ṣú. Kí ni kí n béèrè fún? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Àkàndé Alásè
Fọkàn balẹ̀. Má jẹ́ kí olúkúlùkù béèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èèyàn 14 lórí iná kan ṣoṣo, ti ẹni àkọ́kọ́ á ti tutù kí ti ẹni ìkẹyìn tó jáde. Pè wọ́n láàárọ̀, ní kí wọ́n sun porterhouse ńláńlá, ìyẹn ẹran màlúù tó ní egungun láàárín, kí wọ́n gé e sórí pátákó, kí ẹ jọ máa mú u. Egungun inú rẹ̀ ló pín ẹran méjì níyà: fillet tó rọ̀ bí òwú wà lápá kan, strip tó ládùn wà lápá kejì. Medium rare ni kí o sọ, ìyẹn kí inú rẹ̀ ṣì pupa, bíi 55°C ní àárín. Ẹni tó bá fẹ́ kó jinná sí i, wọ́n á dá tirẹ̀ padà síná. Èyí tó bá ti jinná jù, kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ kọ́ ni màá fi ṣe àlejò ọ̀gá. Abẹ̀ní ọmọ mi, well done ni kí o sọ fún wọn, kó jinná dénú.

Àkàndé Alásè
Ẹ má bínú mà, ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù níbi tí wọ́n ti pa ẹran. Omi ara ẹran ni, èròjà inú iṣan ẹran tí wọ́n ń pè ní myoglobin ló sọ ọ́ di pupa. Nínú ẹran tí wọn ò tíì lọ̀, ara òde ni kòkòrò àìfojúrí sábà máa ń wà, iná á sì ti jó o níbẹ̀. Ẹran lílọ̀ ló gbọ́dọ̀ jinná dé inú, 71°C.

Ìyá Ìbejì
Tí aláboyún bá wà láàárín wọn ńkọ́?

Àkàndé Alásè
Òótọ́ lẹ sọ mà. Ti aláboyún gbọ́dọ̀ jinná dáadáa.

Kọ́lá
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ iná, ẹ ò béèrè ẹni tó ń sanwó! Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. A lọ ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wa kan nírú ibẹ̀. A rí iye tomahawk, ẹran ìhà tó ní egungun gígùn, lórí mẹ́nù, a ní ìyẹn ò burú. Lẹ́tà wínníwínní wà lábẹ́ rẹ̀: iye 100 giramu nìyẹn. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ gbé ẹran tútù náà wá sórí àwo kí a wò ó, ó ní ṣé ó tẹ́ wa lọ́rùn, gbogbo wa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, a ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwọ̀n. Ẹran yẹn ju kílò kan lọ dáadáa, egungun gígùn yẹn sì wà nínú ohun tí wọ́n wọ̀n. Wọ́n ń ṣí omi inú ìgò fún wa ṣáá, a rò pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí bíìlì dé, ẹnì kan ní ká pín in dọ́gba. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé sàláàdì nìkan ló jẹ. Kò wí nǹkan kan. Ó ka owó sórí tábìlì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, tí a bá pè é síbi kankan, kì í wá. Ó ń dùn mí títí dòní.

Báyọ̀
Wọ́n kúkú kọ ọ́ sórí mẹ́nù. Ẹ̀bi ilé oúnjẹ kọ́.

Kọ́lá
Báyọ̀, ẹni tó gbé ẹran síwájú rẹ tí kò sọ iye tó jẹ́, ṣé ó ṣe dáadáa?

Títílayọ̀
Èmi gbà pé pípín in dọ́gba ló dára jù. Ọ̀rẹ́ kì í ṣírò owó fún ọ̀rẹ́.

Kọ́lá
Ẹni tó mu wáìnì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mu omi náà sọ tirẹ̀.

Báyọ̀
Tí owó bá ń dun èèyàn, kó jókòó sílé.

Ìyá Ìbejì
Báyọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn le jù. Gbà á padà.

Rónkẹ́
Steak ò le rárá. Fi iyọ̀ ra á ní bíi ìṣẹ́jú 40 ṣáájú, nu omi ara rẹ̀, jẹ́ kí páànù gbóná gan-an, fi bọ́tà sí i nígbẹ̀yìn. Fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó gé e.

Báyọ̀
Rónkẹ́, kì í ṣe ilé ló ti fẹ́ sè é o.

Àkàndé Alásè
Abẹ̀ní, gbàgbé ìjà wọn. Tí o bá pè wọ́n, bi wọ́n léèrè: ṣé wọ́n ń gba owó àsansílẹ̀, ṣé wọ́n lè ya bíìlì sọ́tọ̀. Kí ẹ tó jẹun ni kí o ti sọ ti bíìlì, torí lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n lè ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń fi service charge, owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ, kún owó èrò púpọ̀. Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ má tún dá owó mìíràn lé e.

Kọ́lá
Àwa san án lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn.

Abẹ̀ní
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ilé iṣẹ́ ló ń sanwó, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní mẹ́nù kan tí iye rẹ̀ dúró lójú kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, service charge ti wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo mú. Fillet ni fún gbogbo wa, medium, tó jinná ju medium rare lọ díẹ̀, ìyàwó ọ̀gá nìkan ló ní ẹja.

Àkàndé Alásè
Fillet! Ọ̀rá ara rẹ̀ kò tó nǹkan, adùn rẹ̀ ò tó ti ribeye, ẹran ìhà tó lọ́ràá. Ó kéré tán, ní kí wọ́n ṣe é ní medium rare.

Abẹ̀ní
Ọ̀gá ò fẹ́ kó pupa, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ rẹ̀ ni.

Kọ́lá
Omi inú ìgò ńkọ́? Ṣé ó wà nínú owó yẹn?

Abẹ̀ní
Ẹ jẹ́ n pè wọ́n padà.