Kí ni “sàpá”, kí sì ni “mo máa sọ́ọ̀tì yín”?

Ìyá Bọ̀lá Alámàlà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni mò ń tà ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Lónìí, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó máa ń bá mi gbé ìkòkò sọ̀ tó bá rí i pé ó wúwo, kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù pé: “Mọ́mì, ẹ wà pa? Sàpá ti mú mi gidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu oúnjẹ, mo máa sọ́ọ̀tì yín tí áláwì bá wọlé. Kì í ṣe lámbá o.”

Mo kà á, mo tún un kà. Ó yé mi pé oúnjẹ ló ń tọrọ, àmọ́ “ẹ wà pa” yẹn dà bí èébú létí mi. “Sọ́ọ̀tì” ló wá bà mí lẹ́rù jù, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan rí tí wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ dáadáa ni, mi ò fẹ́ kó kó sí wàhálà. Ẹ bá mi túmọ̀ wọn kí n tó fèsì.

Ọmọ Tákíè
Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. “Ẹ wà pa?” ìkíni ni: ṣé dáadáa lẹ wà? Sàpá ni kí owó tán lápò pátápátá, kì í ṣe kó kàn dín kù o. Ẹni tí sàpá mú lè mu gààrí láàárọ̀, kó tún mu ún lálẹ́. Áláwì ni owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Lámbá, irọ́ ni.

Tíṣà Àgbà, Arówómọ́lẹ̀
Ìyá Bọ̀lá, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti sọ́ọ̀tì, torí òun ló ní ojú méjì. Tí ọmọ bá ní òun máa sọ́ọ̀tì ẹni tó tajà fún òun, gbèsè ló fẹ́ san, ó parí. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń máàkì ìwé rẹ̀ ló fẹ́ sọ́ọ̀tì, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀gúnjẹ. Ẹ máa wo ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ́ọ̀tì.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wò: “ẹ wà pa” ló kọ, kò kọ “o wà pa”. Gbogbo “ẹ” àti “yín” ló pé síbẹ̀. Mo kọ́ ọmọ ní Yorùbá títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó bá fẹ́ rí yín fín, “ẹ” yẹn ló máa kọ́kọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀.

Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Náírà gba ipò pọ́ùn ní 1973, ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, síbẹ̀ ṣílè kò kúrò lẹ́nu ará ọjà. Nígbà tí àwòrán Murtala Muhammed dé ojú ogún náírà ní 1977, Múrí ni a sọ ọ́. Àádọ́ta náírà dé ní 1991, ó di Wàsóbíà, torí oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà lójú rẹ̀: Yorùbá ní wá, Hausa ní zo, Ìgbò ní bịa. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ Múrí sétí, wọ́n ní èdè ọmọ ìta ni. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń rán mi pé kí n mú Múrí kan wá.

Oníkẹ̀kẹ́
Tíṣà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ní ibùdó wa, tí ọ̀gá bá dé, a máa na ọwọ́ méjèèjì sókè, a ó ké “tùálè!” Inú ọ̀gá á dùn. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ké e sí bàbá ìyàwó mi láé. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tibẹ̀. Ìyá tó ń bu oúnjẹ àwìn fún èèyàn, Yorùbá tó mọ́ ló yẹ ká kọ sí wọn.

Ìyá Bọ̀lá Alámàlà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin Tíṣà, àti gbogbo yín. Mo ti ní kó máa bọ̀, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwìn. Mo wá kìlọ̀ fún un pé tó bá fẹ́ sanwó, kó ní òun fẹ́ sanwó. Kó má sọ “sọ́ọ̀tì” níbi tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wà. Ó ní: “Ó ti yé mi, Mọ́mì. Ṣé pọ̀ǹmọ́ ṣì wà?”