Ojúbọ Mijah Rokee inú géèmù Breath of the Wild ti yọ o!

Àlọ́ ẹyẹ tó ń ta akọ́díọ́nù nínú géèmù yẹn, tí mo kọ síbí pé ó ti sú mi, ó ti já. Òkè tí wọ́n ń pè ní Washa's Bluff náà ni ojúbọ ọ̀hún wà. Aṣọ ni mi ò bọ́! Orin ẹ̀ ní kí akọni má bora nígbà tí òṣùpá bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èmi wá gbé ìhámọ́ra irin kọ́rùn. Àbúrò mi tó wá kí wa ní Tanke kàn wò ó, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀." Lálẹ́ àná, òṣùpá pọ́n, Link, akọni inú géèmù náà, dúró lórí pèpéle tòun ti ṣòkòtò péńpé, ilẹ̀ mì tìtì, ojúbọ yọ. Bẹ́ẹ̀ niná lọ! Orí bátìrì ni mo ti parí ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.