Ọmọ yẹn kò bàjẹ́: lórí "takọtabo", "bà á jẹ́" àti "ìfipábánilòpọ̀"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ fún ìwà ipá sí obìnrin àti ìfipábánilòpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí a máa pe ìwà ipá tí wọ́n ń hù sí obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin ní "ìwà ipá takọtabo". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Tí a bá ní tọmọdé tàgbà ló jáde, ọmọdé jáde, àgbà náà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni "takọtabo" rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò yóò rò pé tọkùnrin tobìnrin ló jọ gbé pàṣán. "Ìwà ipá torí obìnrin" náà kò ṣeé lò, torí ti àwọn ọkùnrin méjì tó ń jà du obìnrin kan nìyẹn.

Mo fẹ́ràn "ìfìyàjobìnrin" nígbà kan. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyà lè tọ́ síni: olùkọ́ ń fìyà jẹ ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé, adájọ́ ń fìyà jẹ olè. Ọkọ tó lu ìyàwó rẹ̀ tó wá ní òun kàn fìyà jẹ ẹ́ díẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀. "Ìwà ipá sóbìnrin" ni mo mú báyìí. Tó bá di inú ìwé òfin, bí irú èyí tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe ní 2011, a lè fẹ̀ ẹ́ kó gba tọkùnrin mọ́ra pẹ̀lú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "bà á jẹ́" tí àwọn ènìyàn fi ń pe ìfipábánilòpọ̀. Nígbà tí mo ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, ìyá kan dìde, ó ní, "Ó ti ba ọmọ mi jẹ́." Gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó ń wí. Kí ni kí n wá sọ fún adájọ́? Ẹni tó sọ̀rọ̀ ọmọ láìdáa ti bà á jẹ́. Ẹni tó kẹ́ ọmọ ní àkẹ́jù náà ti bà á jẹ́. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ fò mọ́ ọn: "Bíbàjẹ́ wo?" Ìyá sorí kọ́. Ohun tó fi ọ̀rọ̀ yẹn bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n tún ní kó ṣí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọmọ náà sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ pé òun ti bàjẹ́. Oúnjẹ tó bàjẹ́, ààtàn là ń dà á sí. Ọmọ yẹn kò bàjẹ́!

"Gba ìbálé rẹ̀" kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Opó ńkọ́? Abilékọ ńkọ́? Òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ ní Nàìjíríà yọ ọkọ tó fipá bá ìyàwó rẹ̀ lòpọ̀ sílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tó de ìwà ipá sí ènìyàn kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Arábìnrin kan bi wá bóyá "pọ̀" inú "ìfipábánilòpọ̀" kò sọ ọ́ di ohun tí ẹni méjì jọ ṣe. Ìbéèrè gidi ni. Lójú tèmi, "fipá" tó ṣíwájú ti borí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni àkọlé ìròyìn: "Bàbá bá ọmọ ọdún mẹ́jọ lòpọ̀." Níbo ni "fipá" lọ? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò kà á sí rárá bóyá ọmọ náà gbà tàbí kò gbà. Kí wọ́n dá "fipá" padà, kódà bí ọmọ náà kò bá pariwo.

Ṣùgbọ́n òfin 2015 kan náà ka ti ẹnu àti ti ihò ìdí mọ́ ìfipábánilòpọ̀, ó sì ka ohunkóhun tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó fi igi ṣe é, ṣé a ó ní ó "bá a lòpọ̀" ni? Fún ìyẹn, mo gbé "ìfipáwọnilára" kalẹ̀: ó fipá wọ̀ ọ́ lára. Ó lè má dún dáadáa létí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ní Oǹdó, Ìjẹ̀bú tàbí Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n ń pe irú ìwà yìí láàrin ara wọn, nígbà tí kò sí ọkùnrin nítòsí?