Gbọ̀ngàn eré àtijọ́ wo lẹ ti wòran rí?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbọ̀ngàn Glover ni bàbá àgbà mi ti wo Hubert Ògúndé ní oṣù Kẹfà 1944, nígbà tí ọkùnrin náà ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, tí ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta sì ní kí ó ṣe eré fún àwọn, kí wọ́n lè fi rí owó kọ́ ilé ìjọsìn. Aṣọ àwọn òṣèré nìkan ni bàbá máa ń ròyìn fún wa. Ẹ̀yin ńkọ́?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì: Gbọ̀ngàn ìpàdé ni Glover, kì í ṣe ilé eré.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní oṣù Kẹjọ 1903. Kí ni kí a wá pè é?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì: Bí wọ́n bá se àsè ìgbéyàwó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣé yàrá náà ti di ilé ìgbéyàwó nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: National Theatre, ilé eré ìjọba àpapọ̀ ní Ìgànmú, ni tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àǹtí mi mú mi lọ wo sinimá Bàbá Sàlá lọ́jọ́ kejì Iléyá. Èrò náà pọ̀ débi pé kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan bàtà pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún mi ti bọ́ sọnù. Ẹsẹ̀ òfìfo ni mo fi tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó tutù bí ìdí àmù. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé bàtà. Inú mólúè ni mo ti wá bú sẹ́kún.

Ṣọlá Ò Gbọ́: Bàtà lẹ fi san owó ìwọlé.

Bàbá Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Fìlà ṣọ́jà ni a máa ń pe ilé náà, nítorí bí ó ṣe rí, àwọn ológun ló sì kọ́ ọ.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì: Ìjọba ológun ló gbé iṣẹ́ náà síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Bùlùgáríà ló kọ́ ọ, ilé kan tó wà ní Varna lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n sì wò ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1976, kí FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tó dé.

Bàbá Ìjẹ̀bú: Ṣé fìlà ni èyí tó wà ní Varna náà jọ?

Ará Òṣogbo: Ìjókòó 5,000 ni wọ́n kó sí Ìgànmú, bẹ́ẹ̀ ilé ọtí ni Dúró Ládípọ̀ sọ di Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà wa ní Òṣogbo, ní 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa ní «bí mo bá rí i, mà á yọ̀» ni ó ń jẹ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá mi máa ń gbé àpótí ìdáná wọn lọ jókòó síbẹ̀. Ọdún kejì ni eré Ládípọ̀, *Ọba Kò So*, jáde.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì: Ìyẹn ni mo lè pè ní ilé eré.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ gba ilé ọtí, ẹ kọ Glover! Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ṣọlá Ò Gbọ́: Ìyá Ìbejì, ẹsẹ̀ bàtà kejì ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Àǹtí mi fi pamọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ó sì nà án sókè lójú àwọn àna mi.