Ọ̀rọ̀ pírọ́síteètì mi: ibi tó já sí rèé

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ ó rántí pé mo kọ̀wé nípa pírọ́síteètì mi (ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), pé ọmọ ọdún 27 ni mí, pé ìtọ̀ ń ta mí, abẹ́ ń ro mí bí mo bá jókòó pẹ́, ẹ̀rù jẹjẹrẹ kò sì jẹ́ kí n sùn.

Mo ti rí dókítà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 40. Ohun tó sábà ń da ọ̀dọ́ láàmú ni kí pírọ́síteètì wú tàbí kí ó máa ro ni. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọn kò rí kòkòrò kankan. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo ti dá oògùn apakòkòrò lò fún ọjọ́ márùn-ún (ẹ má bú mi). Àṣé ọ̀pọ̀ irú wíwú bẹ́ẹ̀ ni kò ní kòkòrò nínú. Iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí tó le gbagidi máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ti PSA tí ẹ dárúkọ, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ pírọ́síteètì, wíwú lásán lè gbé iye rẹ̀ ga, torí náà a kò ṣe é.

Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè dẹ iṣan náà, mo ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì ń dìde lórí àga léraléra. Ọ̀sẹ̀ 7 rèé. Ìtọ̀ kò ta mí mọ́. Ìrora ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n yé rò ó, kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣeun. Mo pa á dé síbí.