Ball python ni wọ́n pè é: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ère ńlá?

Ọmọ_Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ejò kan wà nílẹ̀ níhìn-ín n'Íbàdàn tí wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ẹni tó ń tà á ní ball python ni, ó ní kò tíì pé oṣù kan tó jáde nínú ẹyin. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 58 láti imú dé ṣóńṣó ìrù. Ó ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan, awọ náà sì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ń pè é ní òjòlá, àwọn mìíràn ní ère ni, orúkọ ò sì yanjú ọ̀rọ̀. Mi ò tíì sanwó. Kí ni kí n wò?

Bàbá_Ìpẹ́
Àbúrò, ọjọ́ orí tó pè àti gígùn tó o wọ̀n ò bára mu. Ọmọ Python regius, ìyẹn ball python, máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 43 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Ọmọ Python sebae, ère ńlá tiwa, nǹkan bí 45 sí 60 ló fi ń wáyé. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé kò tíì pé oṣù kan, sebae ni. Bó bá jẹ́ irọ́, a ò tíì mọ nǹkan kan.

Awọ ejò tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kó o bi léèrè. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o tẹ́ ẹ sórí ike dúdú, kí ìpẹ́ lè hàn. Wá ibi tí ìpẹ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ abẹ́ ikùn ti parí: ihò ìdí nìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Ìpẹ́ abẹ́ ìrù wọn máa ń tò ní méjì-méjì. Ka ìlà méjì-méjì yẹn títí dé ṣóńṣó. Bí kò bá tó 40, regius ni. Bó bá lé ní 60, sebae ni.

Ohun tó máa ń ba kíkà yìí jẹ́ ni pé ṣóńṣó ìrù awọ máa ń já. Bó bá já, sebae lè dà bíi regius lójú ẹni tó ń kà. Ìyẹn ló fi yẹ kó o tún ka àárín ara. Ṣẹ́ awọ náà po sí méjì kó o lè rí àárín gan-an. Bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ́ kékeré tó kángun sí ìpẹ́ ikùn, gba ẹ̀yìn kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ọwọ́ rẹ dagun díẹ̀ bí ìlà ìpẹ́ ṣe dagun. Má ka ìpẹ́ ikùn mọ́ ọn. Fi bíró sàmì sí ìpẹ́ kẹwàá kọ̀ọ̀kan torí ojú máa ń fò, kó o sì fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́. Regius: 53 sí 63. Sebae: ó máa ń lé ní 75. Má kà á nítòsí ọrùn tàbí nítòsí ìrù o, ìlà máa ń dín kù níbẹ̀.

Má sì fi awọ wọn gígùn ejò. Awọ máa ń nà bó ṣe ń bọ́. Iye ìpẹ́ ni kì í yí padà.

Ojú_Kámẹ́rà
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Fún ẹni tí kò ní awọ lọ́wọ́, kó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sebae ní àmì dúdú onígun mẹ́ta lábẹ́ ojú tó sọ̀ kalẹ̀ dé ètè. Ètè regius funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì. Orí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣìnà, torí àwọn méjèèjì ló ní ìlà títàn láti imú gba òkè ojú lọ sẹ́yìn.

Ní ti ara, regius dúdú nílẹ̀, àbàwọ́n títàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń ní tóótòòtó dúdú kan tàbí méjì nínú, bí ojú. Ti sebae, ilẹ̀ ló tàn, àbàwọ́n búráùn ẹ̀yìn rẹ̀ wá ń wọnú ara wọn.

Ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ní kí ẹ fọwọ́ kàn án bóyá á ká bíi bọ́ọ̀lù. Ejò tí ẹ̀rù ń bà lè ká, èyí tínú ń bí lè má ká rárá.

Sìstà_Bódìjà
Ṣé kò lè jẹ́ boa ni?

Bàbá_Ìpẹ́
Abẹ́ ìrù kan náà ló máa sọ, àbúrò mi. Ìpẹ́ ibẹ̀ lára Boa constrictor ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe méjì-méjì. Kò ní ihò tó hàn létè bíi ti ère, ìpẹ́ wínníwínní ló bo orí rẹ̀, ìlà dúdú kan sì gba àárín orí náà kọjá.

Àwa náà ní ọ̀kan nínú igbó ìhà gúúsù, Calabaria reinhardtii. Python ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó o mọ́ ìdílé boa. Ìrù rẹ̀ kò ní ṣóńṣó, ó rí bí orí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Ẹyin ló ń yé, bẹ́ẹ̀ ọmọ láàyè ni boa Amẹ́ríkà ń bí. Ìdílé yẹn ò tẹ̀ lé òfin kankan!

Ojú_Kámẹ́rà
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ejò inú igbó tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá mọ̀, ẹ má gbé e kà ìpẹ́. Ọká àti paramọ́lẹ̀ náà ní àbàwọ́n búráùn. Ẹyinjú tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ò fi wọ́n hàn, torí ti ère náà rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹ́ ara ọká rí ṣákaṣàka, ti ère ń dán. Ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ ya fọ́tò.

Ọmọ_Mọ́níyà
Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́ ìrù: 71. Àárín ara: 84.

Bàbá_Ìpẹ́
Sebae ni. Ball python àgbà kì í sábà kọjá mítà kan àbọ̀, èyí máa ń dé mẹ́ta sí márùn-ún. Bí o ò bá ní yàrá tí wàá yà sọ́tọ̀ fún un, má sanwó. Má sì rà á kó o wá tú u sílẹ̀ sínú oko ẹnìkan. Bó o bá sì ṣì fẹ́ rà á, béèrè ìwé lọ́wọ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, kó o tó fọwọ́ kan owó, torí Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, ni àwọn méjèèjì wà.